Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ibi tí òwò ìmọ̀-ẹ̀rọ wà ní Ìjẹ̀bú?

AraÀgọ́:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́ta la jọ wà ní Àgọ́-Ìwòyè: ọ̀kan ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀kan mọ iṣẹ́ wáyà àti sẹ́ńsọ̀, èmi mọ ìṣirò owó. Áàpù tí wọn yóò máa fi ta gàrí Ìjẹ̀bú la ní lọ́kàn. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló ń ní "ó dáa", àmọ́ kò sẹ́ni tó bi wá pé èló ni. Báwo lèèyàn ṣe ń dá òwò gidi mọ̀ kó tó náwó sí i?

ÒkèÀjẹ_Alápò:
Àbúrò, ẹnu dùn ún rofọ́. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni bóyá yóò lò ó. Ẹ bi í pé ìgbà wo lọjà bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ gbẹ̀yìn, kí ló ṣe sí i, èló ló bá a lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ń sanwó, kí ló ń sanwó fún, ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù, ọgbọ́n wo ló ń dá sí i báyìí. Bí kò bá tíì dá ọgbọ́n kankan sí i, ìṣòro náà kò tíì dùn ún dé egungun.

Ní ti gàrí, olùtà àti alágbàtà ti ní nọ́ńbà ara wọn, áàpù kò ní fi nǹkan kún un. Gbígbẹ gàrí ni wọ́n ń jà lé lórí. Oníbàárà á bu ẹ̀kúnwọ́, á fún un, á jù ú sẹ́nu, á ní kò gbẹ, á yọ owó kúrò. Bí àpò náà bá wá bu lọ́nà Èkó, ta ni yóò san án? Ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

Oníwáyà:
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Òṣùwọ̀n Codex (ìlànà oúnjẹ àgbáyé) fún gàrí kò gbà kí omi inú rẹ̀ ju 12% lọ, ọwọ́ kò sì lè mọ 12 yàtọ̀ sí 13.

Ẹ má tíì ra sẹ́ńsọ̀ kankan. Ẹ wọn gíráàmù 10, ẹ gbé e sínú ààrò oníná ní 105°C fún wákàtí 3, ẹ jẹ́ kó tutù nínú ike tó dé pa, kó má baà fa omi inú afẹ́fẹ́, kí ẹ tún un wọ̀n. Ẹ dá a padà títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí mọ́. Bí 10 bá di 8.7, omi rẹ̀ jẹ́ 13%. Òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù 0.01 ni kí ẹ lò; ti ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù kan kan kò wúlò, torí gíráàmù 0.1 péré ló wà láàárín 12% àti 13%.

Ẹ ta èsì yẹn fáwọn alágbàtà mẹ́wàá, lórí ìwé lásán. Bí wọn kò bá sanwó fún èsì, wọn kò ní ra ẹ̀rọ tó ń mú un wá.

AraÀgọ́:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ṣé sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ oko lè ṣe é?

Oníwáyà:
Rárá. Ilẹ̀ tútù ni wọ́n ṣe é fún. Nínú nǹkan gbígbẹ bíi gàrí, kò fi bẹ́ẹ̀ mira. Ẹ ṣe ife onírin méjì tó wọ inú ara wọn, kí gàrí wà láàárín wọn, kí ẹ fi wáyà wọn iná tí ife méjèèjì lè gbà pamọ́: bí omi gàrí bá ṣe pọ̀ tó ni iye yẹn ń pọ̀ sí i. Ohun mẹ́ta ni yóò máa tàn yín jẹ: bí ẹ ṣe kì í (ẹ dà á kún dé àmì kan náà, ẹ má tẹ̀ ẹ́), ooru (gàrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú agbada yóò purọ́ fún yín), àti bó ṣe kúnná sí. Ẹ fi ààrò yẹn ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀, ó kéré tán lórí ayẹ̀wò 30, kíkúnná lọ́tọ̀, oníhóró lọ́tọ̀.

Gbànja_Rẹ́mọ:
Ẹ máa ṣọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí pátẹ́ǹtì (ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀) iléeṣẹ́ Stratasys lórí FDM, ìyẹn ọ̀nà fífi ike yíyọ́ mọ nǹkan ní ìpele-ìpele, parí ní 2009 ni ẹ̀rọ ìtẹ̀ 3D di olówó pọ́ọ́kú. Google Patents yóò fi irú rẹ̀ hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà ìtẹ̀ 3D kan tún wà tó ti MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, jáde: ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló rí òwò nínú rẹ̀, òwò wọn kò jọra, nítorí ohun tí kálukú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi wò ó. Ẹ̀yin mọ gàrí àti obì. Ẹni tó wà ní MIT kò mọ̀ ọ́n.

Fún àpẹẹrẹ, gbànja tó bá gbẹ jù á hunjọ, èyí tó tutù jù á bu. Ẹ lọ sí Ṣàgámù, ẹ bi àwọn olóbì iye tí wọ́n ń san fáwọn tó ń tú apẹ̀rẹ̀ ṣà, àti ẹ̀ẹ̀melòó láàárín oṣù kan. Bí iye yẹn bá ju owó ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin tí ẹ fẹ́ kì bọ inú apẹ̀rẹ̀ lọ, ẹ padà wá síbí ká jọ ṣírò rẹ̀.