Ẹ̀bùn ọdún láti Bùlgáríà: kí lẹ rà, kí ni wọ́n sì fi ṣe nílé?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Plovdiv

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Ìmọ̀ ìṣègùn ni mo wá kọ́ ní Plovdiv, ó ti di ọdún kẹrin báyìí. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ìbéèrè kan náà ló máa ń ti ilé wá: "Kí lo máa kó bọ̀ fún wa?" Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ṣokoléètì, mo bẹ̀ yín, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ibí gan-an ni mò ń wá. Kí ẹ sì sọ bó ṣe rí nígbà tó délé, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ n fi tèmi ṣíde.

Ọdún àkọ́kọ́, mo lọ sí Kazanlak, níbi tí wọ́n ti ń gbin òdòdó róòsì. Láti 1903 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún róòsì ní ìlú náà. Láti oṣù Karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ni wọ́n ń já a, ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó lé òórùn dídùn rẹ̀ lọ. Ohun tó lé ní 3,000 kílò òdòdó ni wọ́n ń sè kí wọ́n tó rí kílò kan òróró. Ó yẹ kí iye yẹn ti là mí lójú, àmọ́ ojú mi ò là. Mo rí ìgò tín-ín-rín kan nínú ilé igi kékeré tí wọ́n ń pè ní muskal, wọ́n ti fi irin gbígbóná ya òdòdó sára igi náà, owó rẹ̀ ò sì tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Mo bi ìyá tó ń tà á pé ṣé ògidì òróró ni. Ó gbé orí sókè, ó gbé e sílẹ̀. Mo ní ó parí! Mo ra mẹ́fà.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń ta lọ́fínńdà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ṣí ìdérí, ó gbóòórùn lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní: "Ọmọ mi, o ṣeun o, ṣùgbọ́n lọ́fínńdà lèyí. Irú rẹ̀ ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù mi." Ojú tì mí. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bú ìyá yẹn nínú ọkàn mi, àfi ọjọ́ tí mo sọ ọ́ fún ìyá onílé mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tó bá gbé orí sókè sílẹ̀ ń sọ pé rárá ni. Ẹni tó bá ń mi orí sọ́tùn-ún sósì ló ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá ọlọ́jà ti sọ òótọ́ fún mi, èmi ni mo rọ́wó jù sílẹ̀.

Ògidì òróró, gíráàmù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí òtútù bá mú un, ó máa ń dì bí epo pupa ṣe ń dì nígbà ọyẹ́. Mo ti dán an wò. Gíráàmù kan ni mo rà fún ẹ̀gbọ́n màmá mi lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sì tíì tà á títí di òní, inú àpótí aṣọ rẹ̀ ló fi í sí.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ọmọ Ìjẹ̀bú, o ò tíì rí nǹkan kan. Èmi fọ́ ìkòkò.

Èmi àti obìnrin kan láti Troyan la jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́ wa. Amọ̀ ni iṣẹ́ ìlú wọn. Wọ́n á da ọ̀dà lé ara àwo kó máa ṣàn wálẹ̀ ní ìlà ìlà, kó tó gbẹ, wọ́n á fi ṣóńṣó nǹkan fà á kọjá, á wá dà bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ó rẹwà ju bí mo ṣe ń ròyìn rẹ̀ yìí lọ. Nígbà tó ti Kérésì ilé wọn dé, ó fún mi ní ìkòkò olómorí kan, wọ́n ń pè é ní gyuveche, pẹ̀lú àwo mẹ́rin. Mo di gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá mi ní Abẹ́òkúta.

Màmá mi bu epo sí i, ó gbé e ka orí gáàsì, ó ní ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ọdún ni wọn yóò fi í sè. Wọ́n ní ńṣe ló dún gbàà! Epo ṣàn dé ilẹ̀. Nígbà tí mo bi ọ̀rẹ́ mi, ó ní inú ààrò ìyan-búrẹ́dì ni ìkòkò yẹn ń gbé, kódà kí ààrò náà tutù tí wọ́n bá ń gbé e wọlé, kí àwọn méjèèjì jọ máa gbóná bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ṣàlàyé fún màmá mi lórí fóònù. Wọ́n ní: "Ìkòkò tí kò lè jókòó lórí iná, Ìyá Ìbejì, kí là ń pè é ní ìkòkò fún?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Àwọn àwo ṣì wà, àlejò ni wọ́n ń kó o jáde fún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó ṣiṣẹ́ gan-an. Ọ̀rẹ́ mi ju ọ̀rá kékeré kan sínú páálí náà, sharena sol, iyọ̀ aláràbarà. Iyọ̀ ni wọ́n pò mọ́ ewé kan tí wọ́n ń pè ní chubritsa, pẹ̀lú tàtàṣé lílọ̀ àti àwọn èlò míì. Búrẹ́dì ni àwọn ń fi jẹ. Màmá mi wọ́n ọn sórí dùndún, wọ́n sì wọ́n ọn sórí ẹyin sísè. Ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀rá yẹn lò. Búrẹ́dì àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń pàdé àlejò pàtàkì níbẹ̀, mo sọ èyí fún màmá mi, wọ́n ní: "Ṣé o rí i? Àwa náà fi iyọ̀ sọ ọ́ lórúkọ." Láti ọjọ́ náà, iyọ̀ ni mò ń fi ránṣẹ́. Kò ń fọ́, kò sì wúwo.

Ìsẹ́yìn la ti ń hun ún

Ṣókí ni tèmi. Ẹni tó bá lówó, kó ra ẹní híhun ti Chiprovtsi, ìlú kan ní Bùlgáríà. Èmi ò ní, ẹ̀wù ìrọ̀rí kan ṣoṣo lapá mi ká. Bàbá mi tó jẹ́ ahunṣọ gbà á, kò wo iwájú rẹ̀ rárá, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ yí sókè. Ẹ̀yìn àti iwájú rí bákan náà, kò sí ìdì òwú kankan tó yọrí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Àwọn wọ̀nyí mọ iṣẹ́." Mo sọ fún wọn pé obìnrin ló ń hun ún, lórí òfì tó dúró gbọọrọ. Wọ́n ní irú òfì tí ìyá àwọn lò nìyẹn. UNESCO kọ iṣẹ́ ọwọ́ náà mọ́ ogún àṣà àgbáyé ní 2014, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá mi ló wú mi lórí ju ti UNESCO lọ.

Ọmọ Eléégún

Mo ti ń retí kí ẹnì kan dárúkọ kukeri, eégún àwọn ará Bùlgáríà. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Ó dáa, mo dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà ní Sofia, Pernik ò jìnnà sí yín. Láti 1966 ni wọ́n ti ń ṣe àpéjọ Surva níbẹ̀ ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní. Ní àwọn abúlé àyíká rẹ̀, òru kẹtàlá àti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà gan-an ni ọdún wọn. Ènìyàn á wọ irun ẹran tàbí ìyẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀, á gbé orí igi oníwo, á so agogo mọ́ ìbàdí, wọ́n á máa fò sókè kí ariwo lé ibi jáde kúrò nílùú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ agogo yẹn, ara mi bù máṣọ. Mo ń wo ẹ̀gbẹ́ mi kí n rí ẹni tó mú àtòrì dání.

Mo ra ìbòjú kékeré méjì, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri. Ọ̀kan fún àǹtí mi ní Ìbàdàn, ọ̀kan fún bàbá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àǹtí mi jẹ́ ìyá ìjọ. Wọn ò jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà. Àṣìṣe mi ni, ó yẹ kí n béèrè. Bàbá àgbà ní tiwọn gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n wá fi ìbéèrè dá mi dúró. "Ta ní ń gbé e?" Mo ní látijọ́, ọ̀dọ́kùnrin tí kò tíì gbéyàwó. "Ó ń wọ ilé?" Mo ní ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń súre, wọ́n sì ń fún un ní nǹkan. Wọ́n mi orí, ó tẹ́ wọn lọ́rùn. "Obìnrin ń rí i?" Mo ní wọ́n ń rí i, kódà obìnrin náà ń wọ̀ ọ́ lóde òní. Bàbá àgbà gbé ìbòjú náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Háà. Ó ti di eré nìyẹn." Àmọ́ wọ́n gbé e kọ́, yàrá ni wọ́n gbé e kọ́ sí, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Plovdiv

"Ó ti di eré nìyẹn" 😂 Bàbá àgbà ti dájọ́.

Ìyàwó Sofia

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo fẹ́ wọn sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ràn kékeré lákọ̀ọ́kọ́: tẹ́ ẹ bá ń mú òdòdó lọ kí ẹnikẹ́ni níbí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹyọ mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje. Méjì tàbí mẹ́rin, òkú ló ni ín. Mo mú mẹ́fà lọ bá ìyá ọkọ mi ní Kérésì àkọ́kọ́. Wọ́n gbà á, wọ́n yọ ọ̀kan jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fi ẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́.

Àárọ̀ ọdún tuntun ni ìyàlẹ́nu gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ láti wo ààrò, nǹkan bà mí lẹ́yìn pẹ́ẹ́! Ọmọ àbúrò ọkọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló mú igi dání. Mo yíjú padà pẹ̀lú ìkanra, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Survachka ni igi yẹn, ẹ̀ka igi dryan tí wọ́n fi irun àgùntàn, gúgúrú àti èso gbígbẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ọmọ á fi lu àgbà lẹ́yìn, á máa kọrin ìre pé kí ara ó le, kí oko ó so, àgbà á sì fún un lówó. Mo fún un lówó. Ó tún padà wá lù mí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí mo fẹ́ràn jù kì í ṣe ti Kérésì, ti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta ni: martenitsa, òwú pupa àti funfun tí wọ́n lọ́ pọ̀. Ìyá ọkọ mi so ó mọ́ mi lọ́wọ́, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Bàbá mi pè mí kíákíá. "Pupa àti funfun? Ṣé wọ́n ti fi ọ́ jẹ oníṢàngó níbẹ̀ ni?" Mo ní rárá, Baba Marta ni wọ́n fi ń kí, ìyá àgbà ni "baba" lédè wọn, òun ló ni oṣù Kẹta, kí ó má baà bínú sọ òtútù sí wa lára. Ó ní, "Ó dáa, òun àti Ṣàngó ni wọ́n mọ ara wọn."

Èèyàn ò gbọ́dọ̀ tú u títí yóò fi rí igi tó yọ òdòdó, tàbí shtarkel, ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tàbí alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Áfíríkà ni àwọn ẹyẹ náà ti ń bọ̀ nígbà tí òtútù bá lọ. Bí wọ́n bá ti dé, wọ́n á tú òwú náà, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀ka igi.

Mo kó ogún ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó, mo kọ gbogbo àlàyé yìí sínú ìwé. Ọjọ́ tó dé ọwọ́ wọn gan-an, àbíkẹ́yìn wọn pè mí lórí fídíò, ó gbé ọwọ́ sókè:

"Àǹtí, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti wà lábẹ́ òrùlé wa tipẹ́. Ṣé kí n tú u ni?"