Kí ni kí á máa pe plasmon: «iná inú irin» ni, tàbí «àjọfì»?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Kubwa ní Àbújá. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Kàdúná dábàá «iná inú irin» gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún plasmon, ọ̀rọ̀ kan nínú ìmọ̀ físíìsì, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i. Ẹ jọ̀wọ́, n kò lè fara mọ́ ọn. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ẹyọ bíńtín tó ń gbé iná mànàmáná, tó ń rìn fàlàlà nínú mẹ́tàlì ni ìmọ́lẹ̀ ń tì, tí gbogbo wọn sì jọ ń fì síwá sẹ́yìn. Ìfì yẹn gan-an la ń wá orúkọ fún. Wúrà àti fàdákà ni wọ́n sì sábà máa ń lò, kì í ṣe irin.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ọmọ mi lọ ṣe àyẹ̀wò ibà ní ilé oògùn kan. Wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sójú pátákó kékeré náà, kò pẹ́ tí ilà pupa fi yọ. Wúrà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe irú ilà bẹ́ẹ̀. Bí wúrà bá kéré tó nǹkan bíi nánòmítà 20 (nánòmítà kan ni ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà), àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ a máa fì bá ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi nánòmítà 520, wọn a fa ìyẹn mu, pupa a sì ṣẹ́kù fún ojú wa. Ẹni tó bá ti ti ọmọdé lórí jangirọ́fà rí á mọ̀ ọ́n: bí a bá tì í lásìkò tó yẹ, ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó láti gbé e lọ sókè.

Ìdí nìyí tí mo fi yan «àjọfì», tó bá àjọṣe àti àjọjẹ mu. Mo kọ́kọ́ ro «àjọmì», ṣùgbọ́n «mì» náà ni a ń lò fún oúnjẹ tó gba ọ̀nà ọ̀fun lọ, ẹni tó bá gbọ́ ọ lè ṣì í gbọ́.

Àtakò kan wà tó wúwo lójú mi, èyí tí àǹtí wa ní Ìlọrin mú wá: nígbà tí onímọ̀ físíìsì David Pines sọ ọ́ ní plasmon ní 1956, ẹyọ agbára tí a lè kà ló ní lọ́kàn, «àjọfì» kò sì fi kíkà hàn. Òótọ́ ni. Nítorí náà, mo dábàá «àjọfì» fún ìṣesí náà, «ẹyọ àjọfì» fún plasmon fúnra rẹ̀, àti «àjọfì ojú mẹ́tàlì» fún èyí tó ń rìn lórí awẹ́ wúrà pẹlẹbẹ.