Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ kúrò n'Iowa kí yìnyín tó dé, ìyàwó mi ò gbà

Ọkọ Nọ́ọ̀sì: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará gúrúùpù. Ẹ má bínú tó bá gùn, ọ̀rọ̀ yìí ti dé mi lọ́fun ni. Oṣíbítù kékeré kan n'Iowa ni ìyàwó mi ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, apá àríwá ìwọ̀ oòrùn, a ti wà níbẹ̀ láti oṣù kẹta èṣí. Ìlú yìí ò tó èèyàn 1,500, tí mo bá sì pè é ní ìlú mò ń pọ́n ọn lé ni. Títì kan ṣoṣo, báńkì kan, ilé epo kan tó tún ń ta pízà, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, àti àwọn sáìlò gìrìwò tí wọ́n ń kó ọkà sí lẹ́bàá ojú irin. Ojoojúmọ́ ni fèrè panápaná ń ké lọ́sàn-án gangan, nǹkan kan ò jó o, wọ́n kàn ń sọ fáráyé pé aago 12 ti lù ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo ti gbé ọmọ sábẹ́ tábìlì.

Àgbàdo níwájú, sóyà lẹ́yìn. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́dẹ̀, òórùn ẹ̀ á wọnú aṣọ tí mo sá. Ká tó rí èlùbọ́ rà, ó di Omaha, wákàtí méjì lálọ nìkan. Ìkíni wọn gan-an ti sú mi, ẹni tí o ò mọ̀ rí á máa wakọ̀ bọ̀, á gbé ìka kan sókè lórí sìtíárì, dandan ni kí o gbé tìẹ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á lọ bi ìyàwó ẹ lẹ́nu iṣẹ́ pé ṣé ara ọkọ ẹ yá. Mo ra oògùn ikọ́ lọ́jọ́ Túsìdeè, lọ́jọ́ Sọ́ńdè pásítọ̀ ń bi mí pé ikọ́ yẹn ńkọ́!

Ọ̀rẹ́ mi kan ti bá mi rí iṣẹ́ wiáháùsì ní Houston, ó ní ká tètè máa bọ̀. Ìyàwó mi ní òun ò lọ síbì kankan. Èmi tí mo ṣe báńkì n'Ìbàdàn fún ọdún 11! Báwo ni mo ṣe máa bá a sọ ọ́ tó fi máa gbọ́? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi.

Ìyá Ìbejì: Ẹ máa bọ̀ ní Houston jàre! Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ń bẹ, pọ̀nmọ́ ń bẹ, òde àríyá ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Aṣọ ẹbí ló kàn máa kó yín ní gbèsè. Oṣù yìí nìkan mo ti san mẹ́ta, ọ̀kan tiẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí mi ò mọ̀ rí.

Aṣọ́gbà Katy: Ìyá Ìbejì, ẹ sọ òótọ́ tó kù fún un. Ẹ sọ ti rẹ́ǹtì, ẹ sọ ti gòslóò. Ọdún 2017 tí ìjì Harvey jà, omi wọ pálọ̀ mi dé orúnkún, àga mi tuntun ń léfòó bí ọkọ̀ ojú omi.

Ìyá Ìbejì: Ṣé Harvey ni wọ́n bi wá?

Ṣadé RN: Ẹ dúró ná. Bọ̀dá, ìyàwó yín fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì àbí kò fọwọ́ sí i? Ọdún mélòó? Tó bá kúrò kó tó pé, èló ló máa san padà? Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn, kì í ṣe pọ̀nmọ́.

Alàgbà Dallas: Ọkùnrin ni olórí ilé. Sọ fún un pé o ti pinnu, kó di ẹrù. Àṣejù Amẹ́ríkà yìí ló ń ba àwọn obìnrin wa jẹ́.

Ṣadé RN: Alàgbà, ta ló ń san rẹ́ǹtì nínú ìtàn tí ẹ kà yẹn? Físà ta ni gbogbo wọn fi wọlé?

Alàgbà Dallas: Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀, ọmọdé.

Ọkọ Nọ́ọ̀sì: Ẹ ṣé gbogbo yín. Alàgbà, mo ti gbìyànjú ẹ̀, ó ní kí n kó ẹrù tèmi máa lọ. Ìyá Ìbejì, òun gan-an ni mò ń sọ, ó yẹ kí ọmọ mi gbọ́ Yorùbá kó tó gbọ́ orúkọ ẹ̀yà ẹlẹ́dẹ̀. N'Iowa yìí ẹlẹ́dẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po méje ju èèyàn lọ, ẹ lọ wò ó.

Bọ̀dá Worthington: Àbúrò, Minnesota lèmi wà, kò jìnnà sí yín. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa ẹlẹ́dẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀bẹ lọ́wọ́, òtútù inú rúùmù yẹn bíi ti fíríìjì, ẹran kan náà gẹ̀ẹ́ ní ojú ibi kan náà láti àárọ̀ dalẹ́. Ó dalẹ́ ọwọ́ mi ò lè di ṣíbí mú. Àwọn Mẹ́síkò àtàwọn Etiópíà là ń bá ṣe é, gbogbo wa kì í gbọ́ èdè ara wa, ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀gìnnìtìn àkọ́kọ́, mọ́tò mi kọ̀, kò ṣíná. Bàbá òyìnbó tí kò kí mi rí rọra gbé mọ́tò ẹ̀ wá síwájú tèmi, ó so wáyà mọ́ bátìrì, ó tan án, ó yọ wáyà ẹ̀, ó lọ. Kò sọ ju gbólóhùn méjì lọ. Ìwọ kí lò ń ṣe níbẹ̀ gan-an? O ò sọ.

Ṣadé RN: Kò sì dáhùn ti kọ́ńtíráàtì.

Ọkọ Nọ́ọ̀sì: Ọdún 3 ni. Ó ku oṣù 17. Tó bá kúrò báyìí á dá $12,000 padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ní wọn kì í lé èèyàn kiri.

Ṣadé RN: Ha!!! Ẹ wò ó o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pè é wá jẹ pọ̀nmọ́!

Dókítà Abúlé: Ọ̀rẹ́ yín ò mọ nǹkan tó ń sọ, ẹ fi ìwé náà han lọ́yà kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Nebraska lèmi wà. Físà J-1, ti àwọn tó wá kọ́ṣẹ́, ni mo bá wọlé, ètò Conrad ló gbé mi débí, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè 30 lọ́dún fún àwa dókítà tá a bá gbà láti ṣe ọdún 3 níbi tí dókítà ò ti tó. Mò ń ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà bí ẹlẹ́wọ̀n. Ọdún kẹsàn-án mi rèé. Bẹ́ẹ̀dì 25 péré lòfin gba irú oṣíbítù wa, tí nọ́ọ̀sì kan bá lọ, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an la máa mọ̀ ọ́n lára.

Bọ̀dá Worthington: Àbúrò, mo bi ẹ́. Kí lò ń ṣe? Kí ló dé tó jẹ́ báyìíbáyìí lo fẹ́ sá?

Ọkọ Nọ́ọ̀sì: Mò ń bá bàbá àgbẹ̀ kan ṣe iṣẹ́ ìkórè.

Bọ̀dá Worthington: "Mò ń bá a ṣe" àbí "mo bá a ṣe"?

Ọkọ Nọ́ọ̀sì: Ó dáa. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Katakata ni mò ń wà fún un, mo ń fi wágọ́nù kó àgbàdo láti oko lọ síbi àwọn sáìlò, bíi máìlì mẹ́ta. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà nídìí wágọ́nù yẹn, wíìlì ni wọ́n fi ń yí i pa. Lọ́jọ́ yẹn mi ò yí i dé ìdí. Ọ̀rẹ́ mi Houston ló pè mí, mò ń gbọ́ fóònù. Mo wà á gba àárín ìlú kọjá, gbogbo èèyàn ń gbé ọwọ́ sí mi, èmi náà ń juwọ́, mo rò pé wọ́n ń kí mi ni. Ìgbà tí mo gun ìwọ̀n, búṣẹ́ẹ̀lì bíi 300 tí mo kó lóko ti di 120. Mo wẹ̀yìn. Àgbàdo ti fa ìlà pupa kan láti oko, ó kọjá níwájú báńkì, ó yí kọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ lé mi débẹ̀. Búṣẹ́ẹ̀lì kan tó kílò 25, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín.

Bàbá yẹn ò pariwo. Ó wo títì náà títí, ó ní "Well," ó mú ṣọ́bìrì. Panápaná gbé ìgbálẹ̀ wá, olùkọ́ kó àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù wá. Kí n tó délé, aláìsàn kan ti sọ fún ìyàwó mi. Wọ́n ti sọ mí ní "Planter" báyìí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbin àgbàdo. Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àgbàdo ti hù nínú ibi tí kọnkéré ti sán níwájú báńkì, ewé ẹ̀ méjì méjì, ẹnikẹ́ni ò fà á tu. Mo ń rìn gba ẹ̀yìnkùlé lọ ra búrẹ́dì.

Ìyá Ìbejì: 😂😂😂 Mo fẹ́ kú.

Alàgbà Dallas: Ẹni tó ń gbọ́ fóònù lórí katakata ló fẹ́ jẹ́ olórí ilé.

Ṣadé RN: Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa gbà fún Alàgbà lónìí nìyí.

Ọkọ Nọ́ọ̀sì: Ìyàwó mi náà ní Houston ló da àgbàdo nù, òun ò ní bá a gbé.

Bọ̀dá Worthington: Àbúrò, fetí sílẹ̀. Àwọn èèyàn yìí, ẹni tí wọn ò fẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n á kí i dáadáa, ó parí. Ẹni tí wọ́n bá sọ lórúkọ, tiwọn ni. Bàbá yẹn ti pè ẹ́?

Ọkọ Nọ́ọ̀sì: Ẹ̀ẹ̀mejì. Mi ò gbé e. Ó fi ohùn sílẹ̀ pé sóyà ti tán, àwọn máa bẹ̀rẹ̀ àgbàdo ìkọjá odò lọ́jọ́ Sátidé, kí n wọ bàtà tó nípọn. Owó tó bọ́ lọ tó $700, kò dárúkọ ẹ̀ rárá. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí.

Dókítà Abúlé: Gbé fóònù. Níbí, ẹni tó bá ní kóo wọ bàtà tó nípọn ti dárí jì ẹ́.

Aṣọ́gbà Katy: Se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lọ.

Ìyá Ìbejì: Má fi ata pa bàbá olóore o! Ata rodo kan péré.

Aṣọ́gbà Katy: Ọ̀kan? Kí ni wọ́n wá ń pè é ní jọ̀lọ́ọ̀fù?

Màmá Ṣàgámù: Ẹ jẹ́ n béèrè, ṣé èèyàn wà láàárín àgbàdo tó pọ̀ báyìí kó máa rojọ́ oúnjẹ? Ògì ńkọ́?

Ọkọ Nọ́ọ̀sì: Mà, ẹlẹ́dẹ̀ àti epo mọ́tò ni wọ́n fi í ṣe, wọn kì í jẹ ẹ́.

Màmá Ṣàgámù: Ìyẹn tiwọn. Gbígbẹ ni àbí tútù?

Ọkọ Nọ́ọ̀sì: Gbígbẹ. Pupa ni.

Dókítà Abúlé: Mà, òun gan-an ni mò ń rẹ. Kó ṣáà má mú nínú èyí tí wọ́n fẹ́ gbìn, oògùn ni wọ́n fi pa á láró. Kó tọrọ nínú ti sáìlò bàbá yẹn.

Màmá Ṣàgámù: O gbọ́ o. Tó o bá lọ ní Sátidé, bá mi bu àpò kan. Ìpàdé wa ní Omaha bọ́ sí ìparí oṣù. Kí o sì ti ilẹ̀kùn mọ́tò ẹ dáadáa.

Ọkọ Nọ́ọ̀sì: Màmá 😩

Mo ti pè é. Aago 7 àárọ̀ ló ní kí n dé.