Kí ló dé tí X mi ń yára pòórá lọ́sàn-án ju àárọ̀ lọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ kẹ́mísírì. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti wà ní láàbù, tí mò ń wọn bí ásíìdì HCl àti sodium thiosulphate (irú iyọ̀ kan tí mo pò mọ́ omi) ṣe ń yára bá ara wọn ṣiṣẹ́. Èsì mi ò bára mu.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: màá kọ X sórí bébà, màá gbé ìgò lé e, màá da 10 ml ásíìdì sí 40 ml thiosulphate, màá tẹ aago. Imí-ọjọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, omi á ṣú bí omi ògì, X á pòórá. (Òórùn yẹn ńkọ́? Fèrèsé méjéèjì ni mo máa ń ṣí.)

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú-àáyá 46 láàárọ̀, 33 lọ́sàn-án. Mo ní ooru ni, torí 26°C di 31°C, kò sì síná tá a fi lè tan ẹ̀rọ amúlétutù. Lọ́jọ́bọ̀, mo ki ìgò bọ abọ́ omi, mo rí i pé 27°C ló wà nígbà méjèèjì. Síbẹ̀, 45 láàárọ̀, 39 lọ́sàn-án!

Thiosulphate tí mo pò lọ́jọ́ Ajé ni mo ṣì ń bù lò. Ṣé ó ti ń bàjẹ́ ni? Àbí ojú ni? Èmi ló ń wo X láàárọ̀, ẹnìkejì mi ló ń wò ó lọ́sàn-án, oòrùn á sì ti wọlé dé orí tábìlì. Ọ̀gá mi ní kí n ro méjèèjì pọ̀ kí n pín in sí méjì, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?