Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lédè Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọ Kétu:
Ẹ káalẹ́ o. Kétu, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni mo ti kàwé, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa. Àbúrò mi obìnrin ń fẹ́ òyìnbó ní Leeds, èmi ni màá bá àwọn àna wa sọ̀rọ̀. Ìwé tàbí áàpù wo ni kí n lò? "Wedding" àti "marriage" ò yé mi: "mariage" kan náà la fi ń pe méjèèjì.

Tíṣà Abẹ́òkúta:
Ẹ kú oríire. Oxford Learner's Dictionaries, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àpẹẹrẹ gbólóhùn ni kẹ́ ẹ máa kà níbẹ̀, ẹ fi atúmọ̀ Faransé sílẹ̀ ná. "Wedding" ni ayẹyẹ ọjọ́ yẹn, "marriage" ni gbígbé pọ̀ lọ́kọláya. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ìjọba, "marriage certificate" ni.

Ní ti "marry", Yorùbá ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. "Adé fẹ́ Bísí", ṣé ẹ rí "pẹ̀lú" níbẹ̀? "Ade married Bisi" náà nìyẹn. Faransé ló ń ti "with" wọlé. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti di tọkọtaya, "Bisi is married to Ade."

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Ẹ ṣọ́ra fún "engagement" o! Àwa ará Nàìjíríà ń fi pe ìdána, ti ẹrù ìyàwó àti alága ìjókòó. Lọ́dọ̀ òyìnbó, ọkùnrin béèrè, obìnrin gbà, ó fi òrùka sọ́wọ́, ó tán. Ẹ pe ìdána ní "traditional wedding", kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn àlejò máa jẹun.

Àkànní:
Yorùbá náà lè ṣini lọ́nà. Gbogbo ìdílé ọkọ ni àna yín, àmọ́ "my in-laws" kọ́. Àwọn òbí ọkọ àbúrò yín, "my sister's in-laws" ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni "mother-in-law" rẹ̀. Lédè Faransé, "belle-mère" ni ìyá ọkọ, ó sì lè jẹ́ ìyàwó bàbá ẹni náà, ṣùgbọ́n "stepmother" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàṣìṣe yìí lójú ìyá ọkọ!

Ọmọ Kétu:
Ẹ ṣé gan-an. Kí ni kí n wá pe alága ìjókòó fún wọn?

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Alága ìjókòó. Tó bá ti ní kí ọkọ dọ̀bálẹ̀, wọ́n á mọ iṣẹ́ rẹ̀.