Pẹ̀lẹ́ àti pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ohun tí òkè gígun ṣe fún wa lẹ́yìn tí a ti lé ní ẹni ogójì ọdún

Ọmọ ọdún 52 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ òkè tó ga. Ọdún kejì tí ọkọ mi kú nìyẹn, n kò sì tíì sunkún láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tọ́jú rẹ̀ lórí àìsàn, nígbà tó sì kú, iṣẹ́ ni mo tún rí níwájú: ìwé tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí, àwọn ọmọ tí mo ní láti rẹ̀ lẹ́kún, àlejò tó ń wọlé tó ń jáde. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń sọ pé, "Obìnrin yìí mà lọ́kàn o." Èmi nìkan ni mo mọ ohun tójú mi ń rí. Oorun kò kùn mí mọ́. Àyà mi á kàn já lóru láìnídìí. Bí ọmọ bá pè mí lẹ́ẹ̀mejì, màá jágbe mọ́ ọn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun lọ sí Kilimanjaro, ní Tanzania. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń múra, tí mò ń gbé àpò gun àtẹ̀gùn sókè-sódò. Mítà 5,895 ni téńté òkè náà fi ga ju òkun lọ, kò sí èyí tó ga tó o ní gbogbo Áfíríkà. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà tí a gbà, kò sí pé à ń fi okùn fà gun àpáta, ẹsẹ̀ lásán la fi ń rìn ín. Afẹ́fẹ́ ló ń dá ènìyàn padà níbẹ̀. Tí ẹ bá fi máa dé nǹkan bíi mítà 5,500, afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ débi pé ọ́síjìn tí ẹ̀ẹ́ rí nínú èémí kan kò ju ìdajì èyí tí ẹ̀ẹ́ rí létí òkun lọ.

Lọ́jọ́ kìíní, nínú igbó tútù tó wà nísàlẹ̀ òkè, mo ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe: mo ṣáájú gbogbo wọn. Afinimọ̀nà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo lè bí, rọra di okùn àpò ẹ̀yìn mi mú. Ó ní, "Mama, pole pole." Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Swahili. Mo rọra rìn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mo tún tẹsẹ̀ mọ́rìn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bọ́ síwájú mi, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ní ibùdó Horombo, tó lé ní mítà 3,700, a sinmi fún odidi ọjọ́ kan kí ara lè mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lára. A jókòó sórí òkúta, ìkùukùu wà nísàlẹ̀ wa. Ó béèrè bóyá ọkọ mi ń dúró dè mí nílé. Mo ní ó ti kú, mo sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Ó fọwọ́ lé àyà. "Pole, Mama. Pole sana." Mo ní ṣebí ìjókòó la wà, kí ni mo tún fẹ́ rọra ṣe? Ó ní rárá, ẹni tó bá wà nínú ìbànújẹ́, "pole" náà ni àwọn fi ń kí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ bá mi wò ó. Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú ni tọmọdé tàgbà ti ń kí mi ní pẹ̀lẹ́, tí mò ń dáhùn pé ẹ ṣé, tí mò ń sáré kọjá. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé wọ́n ń sọ bó ṣe yẹ kí n rìn ín fún mi.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe ṣú, ní nǹkan bí aago méjìlá òru, la kúrò ní Kibo, ibùdó tó kẹ́yìn lójú ọ̀nà wa. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ọ̀nà: ẹ̀ẹ́ gbẹ́sẹ̀ méjì, ọ̀kan á yọ̀ padà. Omi inú ike mi ti dì. Níwájú, iná táwọn ènìyàn so mọ́rí ń wọ́ lọ sókè bíi tanátaná. Okùn bàtà mi tú, ọwọ́ mi sì ti kú, n kò lè so ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kúnlẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀, ó so ó, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó le jù fún mi.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi so bàtà fún ọkọ mi. N kò rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni so temi.

Ibẹ̀ ni ẹkún ti bá mi. Mo sun ún débi pé n kò lè mí. Kò ní kí n dákẹ́, kò ní kí n tètè. Ó dúró tì mí nínú òtútù yẹn títí mo fi ṣe tán. Mo dé Gilman's Point, ibì kan tó kù díẹ̀ kéèyàn dé téńté, bí oòrùn ṣe ń yọ, èébì gbé mi, ó ní ó tó, ká máa sọ̀ kalẹ̀. N kò dé téńté. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo sùn, mo sùn bí ọmọ ọwọ́.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ sì kú ìrìn. Ọmọ ọdún 46 lèmi. Tèmi kò rí bíi tiyín, nítorí èmi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àìlera mi. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, oṣù mẹ́ta ni mo fi ń múra láàárọ̀ tí mò ń jáde kí ìyàwó mi má baà mọ̀. Irú ọkàn yẹn ni mo gbé lọ sórí òkè. Wọ́n ti sọ fún wa pé tí a bá ti kọjá mítà 3,000, ibi tí a máa sùn kò gbọdọ̀ fi ju 500 mítà lọ ga ju ibi tí a sùn lálẹ́ àná, àti pé kí ẹni tórí bá ń fọ́ tètè sọ. Orí ń fọ́ mi bí ẹni fẹ́ là á. N kò sọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mò ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, n kò sì lè rìn tààrà lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Àmì pé omi ti ń wú ọpọlọ nìyẹn, ó ń pani. Òru ọjọ́ náà ni wọ́n gbé mi sọ̀ kalẹ̀, àwọn aláàárù mẹ́rin, láìdúró.

Nígbà tí mo délé, gbólóhùn tí n kò sọ lókè ni mo kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó mi: "Ara mi ò le, iṣẹ́ sì ti bọ́ lọ́wọ́ mi." Ó ní òun ti mọ̀ láti oṣù kejì, òun ń dúró kí n sọ ọ́ ni. Òkè kéékèèké ni mò ń gùn báyìí, àwa méjèèjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọ̀pá méjì dání o, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń jẹ orúnkún níyà jù, kì í ṣe ìgòkè.

* * *

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. Ọdún tó kọjá ni mo parí ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Ẹni tí mò ń fi ọkàn tẹ̀ lé ni Junko Tabei, ará Japan, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé téńté Everest, òkè tó ga jù lọ láyé, ní 1975. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà náà tí yìnyín ya lu àgọ́ wọn, tó bò ó mọ́lẹ̀. Ó ti lé ní ẹni 50 ọdún kó tó parí gígun òkè tó ga jù lọ ní kọ́ńtínẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan láyé, ní 1992. Wọ́n rí jẹjẹrẹ lára òun náà ní 2012, kò jáwọ́. Ní 2016, ọdún tó kú gan-an, ó ṣì kó àwọn ọ̀dọ́ tí ìmìtìtì ilẹ̀ àti ìgbì òkun 2011 ní Japan ṣe lọ́ṣẹ́ lọ sí Òkè Fuji. Èmi kò lọ Everest o. Òkè tí mò ń gùn, wákàtí kan ni ẹlòmíì fi ń dé orí rẹ̀, mẹ́ta lèmi fi ń lò. Oṣù tó kọjá ni mo kọ́kọ́ débẹ̀ láìjókòó lójú ọ̀nà.

* * *

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Wákàtí mẹ́ta yẹn dára.

Àwọn kan bi mí bóyá màá padà lọ parí Kilimanjaro. Nǹkan bíi 200 mítà ló kù mí kù, ó sì ń wù mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, ọmọ mi obìnrin àbíkẹ́yìn ní òun fẹ́ bá mi gun òkè kékeré kan. Òun náà kì í sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀, ó ti ń sáré lọ níwájú, kò wẹ̀yìn. Mo bá a, mo rọra di okùn àpò ẹ̀yìn rẹ̀ mú.