Hogshead, tierce, firkin: ta ló gbọ́ èdè ìwé ẹrù ọkọ̀ àtijọ́?

Akọ̀wé Kékeré:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwé àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ ni mò ń tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 1790 síwájú. Bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà wọn kò yọ mí lẹ́nu mọ́. Orúkọ ohun tí wọ́n ń di ẹrù sí ló ń dà mí láàmú. Ẹ wo ojú ewé kan: "12 hhds. tobacco, 5 tierces, 30 firkins butter." Nísàlẹ̀ rẹ̀, "tare and tret." Nínú bill of lading (ìwé ẹ̀rí ẹrù tí ọkọ̀ gbà) tó bá a rìn, wọ́n ní ẹni tó máa gba ẹrù yóò san owó ọkọ̀ "with primage and average accustomed."

Mo ti rí i pé hogshead ni hhds., àti pé gálọ́ọ̀nù 63 ni hogshead. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi fẹ́ kí n kọ iye lítà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé kí n máa sọ gbogbo rẹ̀ di lítà lọ bẹ́ẹ̀? Tábà onílítà yìí ń ṣe mí bákan.

Bàbá Oníwọ̀n:
Ó yẹ kó ṣe ọ́ bákan, ọmọ mi. Má kọ lítà kankan sí ẹ̀gbẹ́ tábà.

Iṣẹ́ akọ̀wé ẹrù ọkọ̀ ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Orúkọ àgbá kì í ṣe ìwọ̀n. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ béèrè. Hogshead wáìnì ló jẹ́ gálọ́ọ̀nù 63, nǹkan bíi lítà 238. Ti bíà jẹ́ 54, gálọ́ọ̀nù bíà sì tóbi ju ti wáìnì lọ. Ti tábà ńkọ́? Àgbá ràgàjì ni. Wọ́n á to ewé gbígbẹ sínú rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀pá gígùn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á tún to òmíràn lé e, títí kò fi ní gbà mọ́. Ní Virginia àti Maryland, ọ̀kan lè wọ̀n tó 1,000 pọ́n-ùn. Ta ló fẹ́ rù ú? Wọ́n á dà á dùbúlẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ ẹṣin tàbí màlúù, wọ́n á máa yí i lójú ọ̀nà títí dé etí omi.

Firkin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ti bọ́tà jẹ́ 56 pọ́n-ùn, ti bíà jẹ́ gálọ́ọ̀nù 9. Tierce wáìnì jẹ́ gálọ́ọ̀nù 42, ìdá kan nínú mẹ́ta pipe, àgbá wáìnì ńlá. Àmọ́ wọ́n ń di ìrẹsì àti ẹran oníyọ̀ sínú tierce pẹ̀lú, ojú ewé rẹ kò sì sọ ohun tó wà nínú márùn-ún yẹn. Wá a lójú ewé mìíràn kó o tó kọ nǹkan kan.

Tare and tret ni kó o fara balẹ̀ sí. Ká ní àgbá kan pẹ̀lú ohun inú rẹ̀ wọ̀n 1,150 pọ́n-ùn. Àgbá lásán jẹ́ 110, ìyẹn ni tare. Ó ku 1,040, òun ni wọ́n ń pè ní suttle. Nínú 104 pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tún yọ 4 fún eruku àti ìdọ̀tí. Nítorí náà, pín 1,040 sọ́nà 26, wàá rí 40. Tret nìyẹn. 1,000 ni oníbàárà máa sanwó rẹ̀. Bí ìṣirò ojú ewé kan kò bá dọ́gba, tret ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé kì í kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á kàn yọ ọ́.

Primage ni owó díẹ̀ tí wọ́n ń fún ọ̀gá ọkọ̀ kó lè tọ́jú ẹrù dáadáa. (Ṣé kò yẹ kó tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?) Average ibí yìí kì í ṣe ti oníṣirò, àwọn ìnáwó pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ojú ọ̀nà ni, bíi owó atọ́nà ọkọ̀.

Ìyá Kọ́lá:
Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un: kì í ṣe ìgbà gbogbo ni wọ́n ń wọn àgbá lásán. Nígbà mìíràn iye kan pàtó ni ọlọ́jà àti oníbàárà ti jọ fẹnu kò sí, wọ́n á kàn yọ ọ́ lórí gbogbo rẹ̀. Torí náà bí tare àgbá méjìlá bá bára mu géérégé, má rò pé akọ̀wé ń purọ́.

Èdè yìí kò sì tíì kú tán. Gálọ́ọ̀nù 42 tierce wáìnì yẹn náà ni wọ́n fi ń ka àgbá epo rọ̀bì kárí ayé lónìí, nǹkan bíi lítà 159. Àwọn ọkọ̀ epo ṣì ń wọn ullage, àlàfo tó wà lókè epo. Dunnage náà wà síbẹ̀, igi tí a ń tẹ́ sábẹ́ ẹrù kí omi má bàa kàn án.

Akọ̀wé Kékeré:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fi tret gbìyànjú ojú ewé tó ti ń dá mi dúró, ó dọ́gba! Ó ku ẹyọ kan: "200 shooks, with heading, as per yours of 17th ult."

Bàbá Oníwọ̀n:
Àgbá tí wọ́n tú palẹ̀ ni shook. Àyè tí àgbá òfìfo ń gbà nínú ọkọ̀ kò kéré sí ti èyí tó kún, wọ́n á wá kó pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n á dì í ní ìdìpọ̀, àwọn tó ń kan àgbá níbi tó ń lọ á tún un tò. Heading ni pákó tí wọ́n máa fi dé e lókè àti nísàlẹ̀. Ult. ni oṣù tó ṣáájú èyí tí wọ́n kọ lẹ́tà náà, inst. ni oṣù yẹn gan-an, prox. ni èyí tó ń bọ̀. Bí lẹ́tà rẹ bá jẹ́ ti oṣù Kẹta, February 17 ni kó o kọ.